Bàtà Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Ọ̀jọ̀gbọ́n

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí ẹkùn mọ́ nínú igbó náà. Ìwé ọ̀hún nípọn, ẹ̀yìn rẹ̀ le, àwòrán òun fúnra rẹ̀ ló sì wà níwájú rẹ̀, níbi tí ẹlòmíì ì bá fi ẹkùn sí. Ta wá ni ẹkùn tí yóò jáde wá já irú ìwé bẹ́ẹ̀ nírọ́?

Ìwé yìí ni wọ́n rí kà tí wọ́n fi fẹ́ gbé igbó náà fún àwọn afọ́kúta. Ìwé àṣẹ ti wà lórí tábìlì ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì igbó; aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni yóò fọwọ́ sí i. Ọ̀gá àgbà náà, obìnrin tí kì í fẹ́ ariwo, ní ohun kan ṣoṣo ló lè dá bírò òun dúró: kí wọ́n mú ẹ̀rí wá pé ẹkùn ń gbé ibẹ̀, kí Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ sì fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni.

“Ẹni tó kéde òkú ni kó wá jẹ́rìí pé òkú ń mí,” ni Ìyá Ajá wí nígbà tó gbọ́. “Ó dáa náà.”

Ìyá Ajá kì í ṣe orúkọ àbísọ. Odindi ọdún mẹ́ta ni obìnrin yìí fi kọ́ ajá kan ní iṣẹ́ kan ṣoṣo, pé kó máa fi imú wá ìgbẹ́ ẹkùn. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin a máa bi í pé irú iṣẹ́ wo ni kí òun pe èyí níwájú àwọn àna òun. Ajá náà ń jẹ́ Kòwojú. Abo ni, àwọ̀ eérú ni, etí rẹ̀ kan dúró ṣánṣán, èkejì tẹ̀. Bó bá rí ohun tó ń wá, kì í gbó, kì í walẹ̀. Yóò jókòó tì í ni, yóò tẹjú mọ́ ọn. Ìyá Ajá yóò wá yọ bọ́ọ̀lù pupa kan lápò, yóò jù ú fún un. Bọ́ọ̀lù yẹn ni owó oṣù Kòwojú, wọn kì í sì í fi ṣeré.

“Bó o bá ju bọ́ọ̀lù lórí asán,” Ìyá Ajá a máa wí, “o ti kọ́ ajá ní irọ́ pípa. Bó bá ríṣẹ́ ṣe tó o wá há bọ́ọ̀lù mọ́wọ́, lọ́la labalábá ni yóò máa lé.”

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ tí òun àti Kòwojú fi wá inú igbó náà, ẹ̀gún àti eṣinṣin nìkan ni wọ́n rí. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n dé pẹ̀lú ayàwòrán kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Bàtà aláwọ tuntun ló wọ̀, ó ga dé ojúgun, wọ́n sì fi epo dán an débi pé eṣinṣin tó bà lé e yọ̀ ṣubú.

“Alájá,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n kí i, “ẹ kú iṣẹ́ asán o.”

“A dúpẹ́, sà. Ẹ kí wa kú iṣẹ́ ná. Bó bá di asán, a ó padà wá gba ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ajá ni kó ṣíwájú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló yẹ kí gbogbo wa wà.”

“Èmi? Ẹ̀yìn ajá? Igbó tí mo ti mọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún!”

Ó bọ́ síwájú. Ayàwòrán náà tẹ̀ lé e, torí àwòrán ẹni tó ń tẹ̀ lé ìrù ajá kò ní gbayì.

Ọ̀sán pọ́n, kò sí nǹkan kan. Ó ku díẹ̀ kí aago kan lù, wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè olókùúta kan, atẹ́gùn sì yí. Kòwojú dúró gbagidi. Ìrù rẹ̀ le bí igi. Lẹ́yìn náà ló já lọ!

Ìyá Ajá di okùn mú, ó ń sáré tẹ̀ lé e. Ajá ya sósì, ó ya sọ́tùn-ún, ó gbé imú sókè, ó fò kọjá igi tó wó, ó yí àpáta po, ó sì forí lé ojú ọ̀nà tóóró tí ẹranko máa ń rìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló dúró láàárín ọ̀nà náà, tó fọwọ́ lé ìbàdí, tó gbé àgbọ̀n sókè fún ayàwòrán. Kòwojú dé iwájú rẹ̀, ó jókòó. Ó tẹjú mọ́ ọn.

“Ẹ wò ó!” Ọ̀jọ̀gbọ́n pariwo. “Ajá mọ ẹni ńlá! Yà á, yà á kíá!”

“Ẹ gbé àgbọ̀n sókè sí i díẹ̀, sà,” ni ayàwòrán wí.

Ìyá Ajá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Koríko, òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ wà lápò, lórí bọ́ọ̀lù. Láti ọdún mẹ́ta, Kòwojú kò jókòó ti ènìyàn rí. Ṣé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni? Bí òun bá jù ú lásán, ajá ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí òun kò bá sì jù ú… Ó wá ṣàkíyèsí ohun kan. Ojú ajá kò sí lójú Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìsàlẹ̀ ló ń wò. Bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń wò.

“Sà, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún.”

“Ẹ jẹ́ ká yàwòrán tán ná.”

“Ẹ gbé e, sà!” Ẹyẹ fò lórí igi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé e. Òórùn dé kí ojú tó rí i. Ìgbẹ́ dúdú, tútù, irun ẹran àti èérún egungun nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti wọ inú ihò ìsàlẹ̀ bàtà pátá. Ohun tó kù nílẹ̀ kò kún ṣíbí.

“Ẹkùn!” Ìyá Ajá kígbe, ó ju bọ́ọ̀lù sókè. Kòwojú fò, ó fi ẹnu hán an láàárín òfuurufú.

“Ẹkùn kọ́! Ìkookò ni. Ẹ lọ wo ojú ewé ogóje!” Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń gbé bàtà lọ sí ara òkúta kó lè nù ún. Ìyá Ajá ṣubú lulẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ náà mú. Ayàwòrán ya ìyẹn náà.

“Ẹ tú mi sílẹ̀!”

Ìyá Ajá kò tú u. Ó kàn rẹ ohùn sílẹ̀ ni. “Sà, ta ló kọ́kọ́ dé ibí yìí kí ajá tó dé?”

“Èmi ni.”

“Ta ló ti fẹsẹ̀ kan ẹ̀rí kí imú ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ?”

“Èmi… ni.”

“Ẹ̀yin lẹ rí ẹkùn, sà. Ajá kàn wá jẹ́rìí yín ni.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo bàtà rẹ̀. Ìbínú ń kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èrò ìwé tuntun ń wọlé síbẹ̀. “Òótọ́ ni,” ó ní. “Mo ti ń fura tipẹ́.”

“Láti ìgbà wo, sà?” ni ayàwòrán bi í.

“Tipẹ́. Yàwòrán rẹ, ọ̀gbẹ́ni.”

Wọ́n bọ́ bàtà náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi odindi rẹ̀ sínú àpò bébà, torí nǹkan bẹ́ẹ̀ a máa bu nínú ọ̀rá. Ni eré bá bẹ̀rẹ̀! Kòwojú ń sáré níwájú pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lẹ́nu, Ìyá Ajá ń sáré pẹ̀lú bàtà láyà, Ọ̀jọ̀gbọ́n ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó lu ní àtàǹpàkò, ó ń ké pé “Ẹ̀gún! Ẹ̀gún o!” Ẹ̀yìn ajá náà ló padà wà.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni wọ́n já wọ ọ́fíìsì. Bírò ti wà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà. Wọ́n ṣí àpò, ọ̀gá àgbà fọwọ́ bo imú.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin náà ń sọ pé ẹkùn ni?”

“Kí wá ni mo ń sọ látàárọ̀?” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n dáhùn, ó sì fọwọ́ sí i. Ọ̀gá àgbà dé bírò rẹ̀ ní ìdérí, ó ti ìwé àwọn afọ́kúta bọ inú dúrọ́ọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ilé àyẹ̀wò ní ìgbẹ́ abo ẹkùn ni. Àwòrán ọjọ́ náà ti wà lára ògiri ọ́fíìsì báyìí: Ọ̀jọ̀gbọ́n pẹ̀lú àgbọ̀n lókè, Kòwojú jókòó níwájú rẹ̀. Gbogbo àlejò ló ń sọ pé ajá yẹn mà mọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ìyá Ajá kì í bá wọn jiyàn.

Àmọ́ ìgbàkígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá yà síbẹ̀ pẹ̀lú bàtà tuntun, Kòwojú a dìde, a gbóòórùn ẹsẹ̀ ọ̀tún, a gbóòórùn ẹsẹ̀ òsì, a sín, a sì padà lọ dùbúlẹ̀ ti bọ́ọ̀lù rẹ̀.