Kọfí Tí Nadine Ò Mu

Ẹ fa àga yín sún mọ́ iná, ẹ̀yin ará ilé mi. Omi ló wà nínú ìtàn tí mo gbé wá, ìfura ló sì wà nínú omi náà.

Orrin Tatro ń sin màlúù lẹ́sẹ̀ òkè kan tó jẹ́ ààtàn ìlú rí. Ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀. Ohun tí ìlú kórìíra, ó gbé e mì. Nígbà tó yá, wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n gbin koríko lé e. Ìsàlẹ̀ òkè yìí ni ìsun omi tí Orrin àti màlúù rẹ̀ ń mu ti ń jáde.

Nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, Nadine, ẹnjiníà tó ń bójú tó òkè náà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kẹ́ẹ̀gì lọ síbẹ̀ láràárọ̀. Ibi tí yìnyín ti kọ́kọ́ yọ́ ló ń da omi inú rẹ̀ sí.

"Lucille, ọmọ yẹn ń da nǹkan sílẹ̀ o!" ni Orrin ké.

"Ìwọ àti ojú fèrèsé!" ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Pè é wá mu kọfí, kó o bi í."

Nadine wá. Ó jẹ búrẹ́dì, ó jẹ wàràkàṣì, kò fẹnu kan kọfí.

"Kò wù mí láàárọ̀ yìí ni, Bàbá."

Bó ṣe jáde, Orrin ní, "O rí i? Ẹni tó se ọbẹ̀ tí kò tọ́ ọ wò, kí ló fi sí i?"

Lọ́jọ́ kejì, ó tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ó lúgọ sẹ́yìn ọgbà onírin tó ṣe sórí òkè kí atẹ́gùn má baà gbá yìnyín dí ọ̀nà rẹ̀. Nadine kúnlẹ̀, ó ń da omi.

"Kí lò ń dà sórí omi mi?"

Ọmọbìnrin náà ta gìrì. "Omi ọṣẹ ni. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń jò látinú ààtàn, òun ló ń yọ́ yìnyín. Ibi tó bá ti ń jò, ọṣẹ á hó. Ẹnìkan ti lu ihò sí amọ̀ yìí, òjò ń gbabẹ̀ wọ inú ìdọ̀tí, ó ń ṣàn lọ sínú ìsun yín."

"Èèyàn burúkú wo nìyẹn?"

Nadine sún mọ́ ọgbà náà. Ó da omi ọṣẹ sí ìdí òpó irin tí Orrin fara tì. Ó hó yàà.

Orrin fúnra rẹ̀ ló gbá àwọn òpó náà wọlẹ̀ jinjin kí ilẹ̀ tó dì. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀.

"Òun lo ò fi mu kọfí mi?"

"Òun ni, àmọ́ mi ò tíì ní ẹ̀rí láti sọ ọ́. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń fura sí, Bàbá."

Wọ́n fa òpó yọ, wọ́n fi amọ̀ tútù dí àwọn ihò náà. Omi ìlú ni màlúù mu títí òtútù fi padà dé, tí yìnyín sì bo òkè láìku ibì kan. Nadine wá sọ pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé ìsun náà ti mọ́.

Orrin gbé kọfí méjì tí wọ́n fi omi ìsun náà po kalẹ̀. Kò fọwọ́ kan tirẹ̀.

"Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ mu."

Nadine mu ún dé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Orrin wo ojú rẹ̀ títí, kó tó gbé tirẹ̀ sẹ́nu.

Lucille tó po kọfí náà ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní ti ọkọ òun ti tutù kó tó mu ún.