Ẹja Inú Abọ́ Méjì

Ẹjọ́ ìdin ló wà nílẹ̀ nílé Jubril ní Parkchester lókè òkun. Ìyá rẹ̀, Àlhájà Sẹ̀kínátù, tó wá kí wọn láti Abẹ́òkúta, a máa fi ófùn yan ẹja, Aminah ìyàwó Jubril a sì tò ó sínú abọ́ lẹ́bàá fèrèsé. Ìdin yọ lára ẹja náà, wọ́n dà á nù. Wọ́n yan òmíràn, ìdin tún yọ. Àlhájà dájọ́ lójú ẹsẹ̀: ọwọ́ Aminah ni.

"Àwọn ọwọ́ kan wà tí oúnjẹ kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́ lábẹ́ wọn," ló wí fún Morufat, ọmọ rẹ̀ obìnrin, lórí fóònù. Aminah gbọ́ ọ láti yàrá.

Ẹ gbọ́ ná, irú ọ̀rọ̀ yìí kì í tán bọ̀rọ̀. Tó bá ti dé Abẹ́òkúta, ó ti di ti gbogbo ẹbí, ta ni yóò tún jẹ ọbẹ̀ ìyàwó náà láìfura? Ó dun Aminah wọra. Ó fẹjọ́ sun ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Jubril, ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Please, ẹ fi ọ̀rọ̀ fish yìí sílẹ̀," ló wí, ó sì lọ sùn.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni Aminah ń ṣe, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní gbogbo Sátidé. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ nípa Redi, dókítà ará Ítálì kan láyé àtijọ́. Nígbà náà, àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé ẹran jíjẹrà ló ń bí ìdin fúnra rẹ̀, torí pé bẹ́ẹ̀ ni ìwé àwọn àgbà wí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa ẹ̀dá, ìwé ni yóò ṣí. Redi ní kí òun bi ẹran léèrè ná. Ó kó o sínú ìgò, ó ṣí àwọn kan sílẹ̀, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo àwọn kan. Ibi tí eṣinṣin ti ráyè bà lé e nìkan ni ìdin ti yọ. Kì í ṣe òun nìkan. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọ̀rọ̀ àgbà dára, ṣùgbọ́n ká dán an wò. Àwa náà kúkú ń sọ pé ìròyìn ò tó àfojúbà. Aminah rò ó pé ó dájú, ọkùnrin yìí ò ní ìyá ọkọ.

Síbẹ̀, ó kúnlẹ̀ nílé. "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká ṣe experiment kan tí dókítà ará Ítálì kan ṣe rí. Màá fi ọwọ́ mi yìí to ẹja sínú abọ́ méjì. Màá fi nẹ́ẹ̀tì bo ọ̀kan, màá ṣí ìkejì sílẹ̀. Tí ìdin bá yọ nínú méjèèjì, mo gbà pé ọwọ́ mi ni."

"Ìwọ fẹ́ dán èmi wò?"

"Ẹja la fẹ́ dán wò, Mà."

"Ó dáa. Ojú gbogbo wa ni yóò ṣe."

Ìdin yọ nínú méjèèjì.

"Ará Ítálì ò mọ ọwọ́ ẹ," ni Àlhájà wí. Ìtìjú bo Aminah, ṣùgbọ́n ó yan ẹja mìíràn, ó sì tún de nẹ́ẹ̀tì náà le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ arúgbó tí Aminah ń tọ́jú ní òun fẹ́ dúró ti ìyá òun fúnra òun. Aminah bá wọ ọkọ̀ ojú irin 6 train, ó dé ilé lọ́sàn-án. Ó bá Àlhájà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, nẹ́ẹ̀tì lórí orúnkún, abọ́ ẹja níwájú imú rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń gbọ́ òórùn ilé mi ni. Tí ẹ bá ti jáde láàárọ̀, èmi àti ògiri ló kù. Tí mo bá ṣí i báyìí, ó ń ṣe mí bíi pé mo wà nídìí ààrò mi."

Eṣinṣin kan wọlé láti fèrèsé, ó bà lé ẹja. Àwọn méjèèjì rí i. Àlhájà tẹjú mọ́ ọn títí.

Inú bí Aminah. Àánú ìyá náà sì ṣe é. Ó gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi nẹ́ẹ̀tì dè é padà.

Nígbà tí Jubril dé nírọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ ní kó pe Morufat, kó sì jẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Morufat, ọwọ́ Aminah mọ́. Èmi ni mò ń ṣí ẹja fún eṣinṣin."

"Kí lẹ ń ṣí i fún, Màmá?"

Àlhájà kọ́kọ́ wo ojú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. "Kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ nílé yìí."

Jubril di fóònù náà mú, kò sì lè gbójú sókè.