Irùngbọ̀n tí kò jẹ́ kí ìbòmú lẹ̀

Irùngbọ̀n Ọmọ́tọ́ṣọ́ ti gùn débi pé àwọn ọmọdé Ẹ̀gbẹ́dá ń pè é ní wòlíì, bẹ́ẹ̀ ni kò ríran rí láyé rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni kó máa tú òrùlé asibẹ́sítọ́ọ̀sì, èyí tí eruku rẹ̀ máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ tí kì í sì í jáde mọ́. Bọ̀ọ̀dá Àjíṣafẹ́ tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti fa eruku náà símú títí àyà rẹ̀ fi bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí ikọ́ kọ́kọ́ dá ọ̀gá rẹ̀ dùbúlẹ̀, Ọmọ́tọ́ṣọ́ wọ sùtánà funfun, ó lọ jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú pẹpẹ pé abẹ kò ní kan àgbọ̀n òun títí ọ̀gá òun yóò fi gbádùn.

Nígbà tó yá, ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ní Ìgándò ń wá olùkọ́ tí yóò máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe lè tú òrùlé náà láìfi ẹ̀mí wewu. Ọmọ́tọ́ṣọ́ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó yege nínú ìdánwò ìwé, ó sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú kíláàsì. Ó wá ku ìdánwò ìbòmú. Wọ́n á gbé ìbòmú onírọ́bà sí i lójú, wọ́n á fín omi kíkorò yí i ká. Bó bá tọ́ ìkorò wò, ìbòmú ń jò nìyẹn.

Ẹnu Ọmọ́tọ́ṣọ́ korò bí ẹni tó jẹ ewúro tí wọn ò fọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, irùngbọ̀n yín ni kò jẹ́ kó lẹ̀,” ni Ìyáàfin Adéṣọlá tó ń dán an wò sọ. “Ẹ lọ fá a, kẹ́ ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.”

“Madam, ẹ̀jẹ́ ni o. Ẹnu ni mo ṣáà máa fi kọ́ wọn.”

“Ẹni tó máa dá ẹ̀wù fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ẹ̀yin lẹ máa wọ̀ ọ́ hàn wọ́n. Tó bá ń jò lójú yín, jíjò lẹ kọ́ wọn yẹn.”

Inú bí Ọmọ́tọ́ṣọ́, nítorí ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Bó bá fá a, ó ti sọ ìrètí nù lórí ọ̀gá rẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá fá a, àwọn ọmọ tó ń fi òòlù fọ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì káàkiri Alímọ̀ṣọ́ á máa fọ́ ọ lọ láìbo imú. A kì í sì í fárí lẹ́yìn olórí. Ló bá gba Ìpájà lọ sílé Àjíṣafẹ́.

Àjíṣafẹ́ jókòó sójú fèrèsé, níbi tí mímí ti ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn díẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó rẹ́rìn-ín.

“Ta ló rán ẹ lẹ́jẹ̀ẹ́ ná? Èmi kọ́ jàre.”

“Kẹ́ ẹ lè gbádùn ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Mi ò ní gbádùn, Ọmọ́tọ́ṣọ́.” Ó dúró, ó mí. “Dókítà ti sọ fún mi látèṣín pé ohun tó bàjẹ́ nínú àyà mi ò lè padà bọ̀ sípò. Mi ò kàn sọ fún ẹ ni. Tó o bá ti wọlé báyìí, tí mo rí irùngbọ̀n yẹn, inú mi máa ń dùn pé ẹnì kan ṣì ń retí.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọmọ́tọ́ṣọ́ wọra.

“Àkísà ni mo ní kó o máa fi bo imú nígbà tí mò ń kọ́ ẹ níṣẹ́. Òun náà ni wọ́n fi kọ́ mi. Ìwọ lọ kọ́ wọn dáadáa. Mú abẹ wá. Bí Ọlọ́run bá bi ẹ́, sọ pé èmi ni mo fá a.”

Àjíṣafẹ́ ń fá a lọ, ó ń dúró mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì gé e lára níbì kan. Nígbà tó parí, ó di irun náà sínú ìwé ìròyìn, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Adéṣọlá fín omi kíkorò yí Ọmọ́tọ́ṣọ́ ká, ó bi í bóyá ó tọ́ nǹkan kan wò. Ọmọ́tọ́ṣọ́ mi orí pé rárá. Omijé ṣàn lójú rẹ̀ dé etí rọ́bà náà, kò ríbi gbà wọlé.