Orúkọ Tí Irin Diípọ̀ Ń Pè

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Èmi ò ní parọ́ fún yín, mo ti fi téèpù wọn àyà ara mi: íńṣì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n péré, èmi ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ọládiípọ̀ onígìtá ló jẹ ẹran tó kù.

Jubril Télọ̀ ni wọ́n ń pè mí ní Bẹẹrẹ. Òwú ni mo fi ń ṣiṣẹ́, owú ni mo fi ń sùn. Láyé ọjọ́un, èmi ni mo ń ránṣọ fún ẹgbẹ́ Oke Mapo Country Boys, àwọn márùn-ún tó ń kọ orin kọ́ńtírì, orin àwọn òyìnbó darandaran, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fi Yorùbá kọ ọ́. Èmi ni mo rán ṣẹ́ẹ̀tì wọn, tó ní wajawaja gígùn lápá méjèèjì. Fìlà wọn fẹ̀ bí atẹ. Diípọ̀ ni olórí wọn. Gìtá tiẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé kọ́rùn. Orí itan ló máa ń tẹ́ ẹ sí, á wá máa fi irin kékeré kan wọ́ lórí okùn rẹ̀. Bó bá ti ń wọ́ irin yẹn, gìtá á máa fọhùn bí èèyàn, ẹ ò sì ní mọ̀gbà tẹ́ ẹ máa dá a lóhùn.

Ohun tó ń sọ gan-an ni wàhálà mi. Bí orin bá ti fẹ́ parí, irin á balẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á wá gòkè: dò-dò-mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń ṣe é. Ta ló gbọ́ Yorùbá tí ò ní mọ̀ pé orúkọ obìnrin nìyẹn? Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́. Oríkì ìyàwó mi sì nìyẹn.

Ẹ máa ní Àṣàkẹ́ pọ̀ n'Íbàdàn. Ó pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Àrẹ̀mọ ni wọ́n bí tèmi sí, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ilé bàbá rẹ̀ àti ilé Diípọ̀. Lọ́jọ́ tá a sọ Nojeem àkọ́bí wa lórúkọ, ẹgbẹ́ náà wá bá mi ṣeré, torí èmi ni télọ̀ wọn. Irin pe orúkọ yẹn. Ìyàwó mi, tọ́mọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kì í ṣe èmi ló ń wò! Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti gbádùn. Ṣẹ́ẹ̀tì tí mo rán fún Diípọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ mú abíyá rẹ̀ fún, kí apá má lè yí dáadáa. Ó wọ̀ ọ́ ṣeré ní Òkè-Àdó, ó padà wá dúpẹ́ pé ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ló jẹ́ kí ọwọ́ òun dúró jẹ́ẹ́ lórí gìtá. Ẹ gbà mí o!

Ọdún mẹ́wàá rèé tí Diípọ̀ ti kú. Mo sunkún níbi ìsìnkú rẹ̀, ẹkún gidi, torí kò sẹ́ni tó lè wọ́ irin bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ara tù mí díẹ̀, mo rò pé ó ti parí. Àṣé mi ò tíì rí nǹkan kan. Nojeem bá lọ gbé gbogbo orin wọn sínú fóònù ìyá rẹ̀. Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà, Diípọ̀ ń pè é. Ó ń ká aṣọ, Diípọ̀ ń pè é. Òkú ń pe ìyàwó mi nínú ilé mi, iná ilé mi ló sì fi ń ṣáàjì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Àǹtí Eunice, ẹ̀gbọ́n Diípọ̀, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó yọ ọ̀kan nínú àwọn ṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ yẹn jáde nínú láílọ́ọ̀nù. Kòkòrò ti jẹ ẹ́.

"Jubril, ọjọ́ Sátidé la máa ṣe ìrántí àbúrò mi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Àrẹ̀mọ. Àwọn mẹ́ta tó kù nínú ẹgbẹ́ máa ṣeré, irin tiẹ̀ á máa jáde nínú sípíkà. A fẹ́ gbé ṣẹ́ẹ̀tì yìí kọ́ sórí àga ẹ̀. Bá mi tún un ṣe. Kí ìwọ àti Àlájà sì wá o."

Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé a ò lọ.

"Ẹ̀yin lẹ ò lọ," ó ní. "Èmi ń lọ."

Ọdún mọ́kànlélógójì tá a ti fẹ́ra, kò fún mi lésì bẹ́ẹ̀ rí. Ó lọ yọ léèsì jáde, ó lọ̀ ọ́, ó gbé e kọ́. Léèsì tí ò wọ̀ níbi ìgbéyàwó àbúrò mi! Bó bá lọ jókòó láàárín àwọn ará Àrẹ̀mọ, tí gìtá pè é, tó tún rẹ́rìn-ín yẹn, ojú wo ni mo máa fi wo èèyàn ní Bẹẹrẹ? Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Màá bi Eunice léèrè. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti ń fẹ́ra rí, kí n mọ̀, kí n yé ṣe àròyé.

Láàárọ̀ Sátidé, mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì lọ sílé rẹ̀ ní Ọ̀rányàn. Mi ò tiẹ̀ jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Àṣàkẹ́ tí Diípọ̀ máa ń pè lópin orin, Àṣàkẹ́ wo ni?"

"Àṣàkẹ́ ti bo? Àdùkẹ́ ni."

"Àdùkẹ́?"

"Ìyá wa. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Diípọ̀ nígbà tí wọ́n kú. Ó ní bóun ò bá ń pè wọ́n, òun lè gbàgbé wọn." Ó wo ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Jubril! Ìwọ náà? Àbẹ̀kẹ́ kan wà ní Òkè-Àdó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọkọ ẹ̀ torí orin yẹn. Àmọ̀kẹ́ méjì ti jà lórí ẹ̀. Irin ò kúkú ní ètè. Ohùn ló ní, kálukú ló ń fi orúkọ tó wù ú sí i."

Dò-dò-mí. Àdùkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àmọ̀kẹ́, Àṣàkẹ́. Ohùn kan náà! Ìyá olóògbé ni mo ti ń bá jowú láti ogójì ọdún. Mo fò sórí ọ̀kadà. Bá a ṣe gba Ọjà'ba kọjá tá a sì ń gun òkè Màpó lọ sílé, ẹ̀rín ni mò ń rín, títí ọlọ́kadà fi bi mí bóyá mo jẹ tẹ́tẹ́ ni.

Mo bá ìyàwó mi níwájú dígí, ó ń wé gèlè.

"Ìyá Nojeem, ìwọ kọ́ o! Àdùkẹ́ ni! Ìyá rẹ̀ ló ń pè. Kò fìgbà kankan pè ọ́ rí, kódà lẹ́ẹ̀kan!"

Mo dúró kí ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo fẹ́ kó dùn ún bó ṣe ń dun èmi náà.

"Mo mọ̀," ó ní. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lára gèlè. "Diípọ̀ ti sọ fún mi kí n tó mọ̀ yín."

"O mọ̀? Kí ló wá ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín láti ọjọ́ yìí?"

Ó yíjú sí mi.

"Bàbá Nojeem, ìyá mi ló máa ń pè mí ní Àṣàkẹ́. Ọdún tí mo wọlé yín ni wọ́n kú. Nílé yín, wọ́n ní Ìyàwó. Mo bímọ, wọ́n ní Ìyá Nojeem. Mo dé Mẹ́kà, mo di Àlájà. Ẹ̀yin náà, bẹ́ ẹ bá ń bá mi jà nìkan lẹ máa ń rántí orúkọ yẹn, pé Àṣàkẹ́ tí Diípọ̀ ń pè. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nirin yẹn ń pè. Ṣùgbọ́n bó bá ti pè é, mo máa ń dáhùn nínú mi. Ibo ni mo ti tún máa gbọ́ ọ?"

Orúkọ tí mo ti ń sọ láti ogójì ọdún, ìbínú ni mo fi ń sọ ọ́, mi ò fi pe ẹni tó ni ín rí.

Ó mú báàgì rẹ̀, ó kọjá lára mi, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Mo fẹ́ kó dúró. Mo ní, "Ìyá..." mo gbé e mì. Ojú ń tì mí bí ọkọ ìyàwó tuntun.

"Àṣàkẹ́."

Ó dúró. Kò yíjú, ṣùgbọ́n mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ tún un pè," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Diípọ̀ máa ń pè é."