Ààrò Ìyá Ẹgbẹ́

Nígbà tí owó epo rọ̀bì gba ìgboro kan, àwọn ọmọ ìlú Rórẹ́ tó wà ní Èkó pinnu pé àwọn yóò ra ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin onígàrí nílé. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní àwọn fẹ́ rí kí àwọn tó sanwó: ìwé kúkúrú láti ọwọ́ ẹnì kan tó mọ̀wé, tí yóò sọ pé ẹ̀rọ náà ni iṣẹ́ ọ̀hún nílò lóòótọ́. Barnabas, akọ̀wé wọn, gbé iṣẹ́ ìwé náà fún Ródà, tíṣà ilé ìwé míṣọ́n ní Òmù-Àrán. Ó mọ̀ pé Ródà ń kọ́ bí a ṣe ń yẹ iṣẹ́ òwò wò, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i láti ìlú òyìnbó. Ó sì mọ̀ pé ìyá Ródà, Màmá Mary, ni Ìyá Ẹgbẹ́ àwọn onígàrí. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ródà náà rò bẹ́ẹ̀. Ó kó àwọn obìnrin náà jọ sínú kíláàsì rẹ̀ ní Òmù-Àrán, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́.

Màmá Mary kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mí. "Ẹ̀rọ ni. Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ tó múlé tì wá ti ní tiwọn. Ṣé tiwa ni kò ní dún ni?"

"Ẹ̀rọ ni!" ni gbogbo ilé dáhùn.

"Jàrátù, ìwọ ńkọ́?" ni Ródà bi í.

Jàrátù ni ìyàwó ilé tó kéré jù nínú wọn. Ó wo ojú Màmá Mary kó tó lanu. "Ohun tí Ìyá wa sọ náà ni."

Ródà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó fún Barnabas, ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀ nílùú òyìnbó, nítorí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi iṣẹ́ gidi ṣe ìdánrawò. Ìwé náà padà wá pẹ̀lú yíǹkì pupa lára: "Ohun tí wọ́n sọ lo kọ. Ohun tí wọ́n ń ṣe dà? Ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ta ló sì ń gbè é lẹ́sẹ̀?"

Inú bí Ródà, ara rẹ̀ ló sì ń bínú sí. Kò sí ohun tó kórìíra tó kéèyàn ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi, ó lọ sí Rórẹ́, ó gbé àpótí sí abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń yan gàrí, ó jókòó, ó ń wò wọ́n.

"Tíṣà, ṣé gàrí náà ti wọ inú ìwé ni?" ni ẹnì kan wí.

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Bó jókòó, bó dìde, owó oṣù ń wọlé."

Ródà tẹjú mọ́ ọwọ́ wọn. Ó rí i pé ẹ̀gẹ́ rírin kò pẹ́ rárá. Wọ́n á péjọ, wọ́n á rin ín lórí páànù oníhò, òkìtì á sì tán kí oòrùn tó mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó o sínú àpò, tí wọ́n á gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń dúró. Ààrò méjì péré ló wà, ẹni tó dàgbà jù ló sì ń kọ́kọ́ yan. Apá Màmá Mary kò yá mọ́. Á yan díẹ̀, á sinmi, á sọ ìtàn, á jẹ obì. Kò sí ẹni tó jẹ́ sọ pé kó sún.

Nígbà tó fi máa kan Jàrátù, àpò rẹ̀ ti kan gógó. Ó tú u, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, ó dà á fún ewúrẹ́. Kò sí ẹni tó yíjú wò ó. Ó ti mọ́ wọn lára.

Ọ̀rọ̀ náà wá hàn sí Ródà kedere. Bí ẹ̀rọ bá ń rin ẹ̀gẹ́ sí i, ewúrẹ́ ni yóò sanra. Ṣùgbọ́n bó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ ló kọ sílẹ̀ pé ó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́, wọn yóò sì kà á sókè níwájú gbogbo ìlú níbi ìpàdé Àjíǹde, nígbà tí àwọn ará Èkó bá wálé. Bó bá sì dákẹ́, irin tí ẹnikẹ́ni kò nílò ni wọn yóò rà.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí ààrò, ó gba àkúfọ́ igbá tó fi ń yan gàrí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ̀rọ yẹn máa yan gàrí?"

"Ẹ̀rọ wo ló ń yan gàrí? Ṣé orí rẹ pé?"

"Bó bá wá rin ẹ̀gẹ́ púpọ̀, níbo ni àwọn àpò náà máa wà?"

Màmá Mary fi ẹnu júwe ibi tí àwọn òkúta wà. "Níbẹ̀ yẹn. Wọ́n á dúró de ààrò."

"Ta ló máa wà nídìí ààrò?"

Ìyá náà wò ó. Gàrí bẹ̀rẹ̀ sí í ta èéfín nínú agbada.

"Rò ó, ó ń jóná! Ṣé èmi ni mo wá ń ba iṣẹ́ jẹ́, Ródà? Èmi tí mo fi gàrí yìí rán ọ níwèé?"

"N kò sọ bẹ́ẹ̀, Màmá. Ààrò ni mo ní kò tó."

"Dìde níbẹ̀." Ó gba àkúfọ́ igbá rẹ̀ padà. Kò tún bá a sọ̀rọ̀ títí Àjíǹde fi dé.

Ní ọjọ́ ìpàdé, Barnabas sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà títí, òógùn bò ó. Ìwé tuntun tí Ródà kọ wà nínú àpò Ródà fúnra rẹ̀. Gbogbo ohun tó rí nídìí ààrò ló kọ síbẹ̀, àfi pé kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n tó pè é, Màmá Mary dìde.

"Akọ̀wé, ẹ ṣeun. A ò fẹ́ ẹ̀rọ mọ́."

Ariwo sọ. "Ẹ̀sìẹ́ á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́!"

"Ẹ̀sìẹ́ kì í bá mi yan gàrí. Ààrò ni kí ẹ mọ fún wa, kó pọ̀, kí ẹ fi páànù bò ó, kí ìyàwó kékeré má máa dúró dè mí. Àbí irọ́ ni mo pa, Jàrátù?"

"Òótọ́ ni, Ìyá. Àwọn ewúrẹ́ nìkan ni kò ní gbà."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Màmá Mary kò rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n tèmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ mọ."

Barnabas yíjú sí Ródà, ó na ọwọ́ fún ìwé náà. Ródà yọ ọ́, ṣùgbọ́n kò tíì gbé e lé e lọ́wọ́. Ó fa bírò yọ, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ààrò Ìyá Ẹgbẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ mọ, nítorí pé fífi tirẹ̀ ṣáájú kò ná wọn ní nǹkan kan.