Ohùn Tó Gé Dànù

Bí ẹ bá ń fi géèmù ṣeré, tí ẹ gbọ́ tí ọmọ ogun ń fẹsẹ̀ tẹ yìnyín, ẹ má jẹ́ kó jẹ yín láyà. Àpò ìyẹ̀fun ni obìnrin kan ń fún lọ́wọ́ níwájú máìkì. Egungun tó dá lójijì ńkọ́? Kárọ́ọ̀tì ni. Iṣẹ́ agbohùnsílẹ̀ tí ìtàn yìí dá lé nìyẹn, kó máa fi ọ̀sán gangan tan ọmọ ọlọ́mọ jẹ, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé òun fúnra rẹ̀ a máa wá yìnyín nílẹ̀.

Àti kékeré ló ti ń tọ pinpin ohùn. Kí ló dé tí garawa òfìfo fi ń pariwo ju èyí tó kún lọ? Ṣé orin máa ń tán nínú èèyàn ni? Télọ̀ ni ìyá rẹ̀, abẹ́rẹ́ kì í sì í kúrò láàárín ètè rẹ̀, síbẹ̀ á dá a lóhùn. Èyí tó bá mọ̀, á sọ ọ́, èyí tí kò bá mọ̀, á parọ́ ẹ̀ dáadáa. Ìyá Ìbéèrè ló sọ ọmọ náà. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń pè é bẹ́ẹ̀.

Àìsàn ìgbàgbé ti wá mú ìyá. Ìkòkò tó wà lórí iná ló kọ́kọ́ gbàgbé, lẹ́yìn náà ọ̀nà balùwẹ̀, lẹ́yìn náà ọmọ. "Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì," ló máa ń kí ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ ní àràárọ̀. Agbohùnsílẹ̀ ò bẹ Ọlọ́run pé kí ara ìyá òun yá mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́, kí ìyá pe òun ní Ìyá Ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹnu náà tó pa dé.

Dókítà kan ló sọ fún un pé nígbà míì orin máa ń pẹ́ lórí ju orúkọ lọ. Ó yáa so aago tó ń ka lílù ọkàn mọ́ ìyá lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oríṣiríṣi ohùn àtijọ́ sí i létí, ó ń wojú, ó ń wo aago. Òjò lórí páànù: aago ò mira. Ẹ̀rọ ìránṣọ: ẹsẹ̀ ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lábẹ́ àga bí ẹni pé aṣọ wà lórí ẹ̀rọ, ọmọ sì pariwo ayọ̀. Ó wá gbé orin géèmù tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fi ń da ilé rú nígbà kan sí i, àbúrò tó ti rìnrìn àjò, tí kì í pè àfi tó bá rántí. Aago fò sókè. Ìyá nà ró.

"Ọkọ mi! Pa géèmù yẹn, wá jẹun!"

Ọmọbìnrin rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì korò lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni. Ẹni tí kì í pè lọkọ mi. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Omi tirẹ̀ ti gbẹ.

Síbẹ̀ ìrètí dé. Bí àbúrò bá ní ohùn tó ń jí ìyá, tòun náà ò ní ṣàì sí. Ó kó gbogbo ohun tó gbà sílẹ̀ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ jáde, nígbà tó ń fi máìkì tọ ìyá lẹ́yìn káàkiri ilé. Ó gbọ́ tí sísọ́ọ̀sì ń gé aṣọ. Ó gbọ́ ẹ̀rín ìyá, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kàn bú jáde láìsí ohun tó fà á. Ó gbọ́ tí ìyá ń sọ pé, "Nítorí pé afẹ́fẹ́ ló wà nínú ẹ̀," kò sì sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ máa ń sọ pé agbohùnsílẹ̀ kì í sí nínú ohun tó gbà sílẹ̀. Òun náà sì gbọ́ràn jù. Ó gé ikọ́ ara rẹ̀ kúrò, ó gé èémí, ó gé gbogbo ìbéèrè. Níbi tí ìyá bá ti pè é ní Ìyá Ìbéèrè, ariwo ló kà á sí, ó gé e dànù. Àfọwọ́fà ni, kò sí ẹni tó máa fi ẹ̀sùn kàn. Ó wá orúkọ náà títí etí fi ń ro ó. Òun fúnra rẹ̀ kò sí níbì kankan nínú ayé ìyá rẹ̀.

Kí ló kù? Ẹni tó lè sọ ìyẹ̀fun di yìnyín lè sọ ara rẹ̀ di ọmọdé. Ó lọ síwájú máìkì, ó sọ ohùn di tín-ín-rín. "Màámi, kí ló dé tí kẹ́tùlù fi ń kọrin kó tó hó? Màámi, ẹ gbọ́?" Ó gbé ohùn tó gbà sílẹ̀ náà wá sí yàrá ìyá lọ́sàn-án, ó jẹ́ kó máa sọ ọ́ lásọtúnsọ. Aago ò mira. Ṣùgbọ́n ìyá dẹ etí.

"Nọ́ọ̀sì, ọmọ ta ló ń béèrè ọ̀rọ̀ báyìí?"

Ó kúnlẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀dì. "Ọmọ yín ni, Màámi. Èmi ni."

Ìyá wò ó tìyẹ́tìyẹ́, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò fẹ́ dójú ti àlejò. "Rárá o, ẹ̀yin ti dàgbà. Ọmọ kékeré lèyí." Ó tún tẹ́tí. "Ó ti ń béèrè látàárọ̀, ẹnì kan ò dá a lóhùn. Ṣé kò ní ìyá ni?"

"Ó ní ìyá."

"Ìyá ọ̀hún wá ńkọ́?"

Ó fẹ́ sọ pé ẹ̀yin ni, ẹkún ló jáde.

"Ẹ má sunkún, nọ́ọ̀sì. Ẹ lọ mú un wá fún mi. Màá máa dá a lóhùn títí ìyá ẹ̀ á fi dé."

Ìyá sún sẹ́yìn lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ kékeré, ó sì gbójú kọjá orí obìnrin tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà.