Ọwọ́ Onígbàjámọ̀

Olùkọ́ kan wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà, Bàbá Paárẹ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn. Kì í ṣe orúkọ àmútọ̀runwá, ẹnu ara rẹ̀ ló fi gbà á. Yóò rọra rìn dé ẹ̀yìn ẹni tó ń yàwòrán, yóò mí sí i lọ́rùn, yóò wo bébà náà títí ara onítọ̀hún yóò fi máa yún un, yóò wá ní, "Pa á rẹ́." Ó parí nìyẹn. Kò ní sọ ohun tó bàjẹ́, kò sì ní sọ ohun tó dára. Rọ́bà tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi ń pàwòrán rẹ́ máa ń tán kí pẹ́ńsù wọn tó dé ìdajì.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tí bàbá rẹ̀ sọ ní Ẹlẹ́yinjú láti kékeré, nítorí pé bó bá ti tẹjú mọ́ nǹkan, kì í ṣẹ́jú. Ó ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Ó ti ya ìgò, ó ti ya aṣọ tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn àga, ó ti ya orí ère ẹfun kan tí imú rẹ̀ ti kán títí ó fi ń lá àlá rẹ̀. Ìgò rẹ̀ a jọ ìgò, àga rẹ̀ a jọ àga, kò sì sí ẹni tó ń dúró wò wọ́n. Ìpàtẹ àwòrán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde ti ń bọ̀ lọ́nà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá sì wọ ìpàtẹ kò ní gba ìwé ẹ̀rí. Bàbá Paárẹ́ wá dúró lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó mí kanlẹ̀.

"Ọwọ́ ẹ mọ́," ó ní, "àmọ́ òkú lò ń yà. Lọ sílé. Ya ohun tó o ti rí, rí, rí, tó ò rí i mọ́."

Ilé kò jìnnà. Onígbàjámọ̀ ni bàbá rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní iwájú ilé wọn gan-an: dígí méjì tó kọjú síra, àga kan tó ń yí, tí wọ́n ti fi téépù dúdú lẹ timutimu rẹ̀ kiri, bẹ́ǹṣì fún àwọn tó ń dúró, kílípà tó rọ̀ lára ìṣó, àti òórùn páúdà òun sípíríìtì tí kì í kúrò níbẹ̀. Bàbá náà lẹ́nu. "Irun yín ti kó ẹrù kúrò níwájú o," ni yóò wí fún ẹni tí orí rẹ̀ ń pá, "ṣé ó tiẹ̀ sanwó ilé kó tó lọ?" Gbogbo bẹ́ǹṣì á bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà ló ń kó wọn wá, abẹ rẹ̀ ni. Bó bá ti fi kílípà gé orí tán, yóò mú abẹ, yóò fi fá ẹ̀yìn ọrùn àti ẹ̀bá etí, ẹni tó jókòó kò ní mọ̀ pé irin kan òun lára. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé abẹ Bàbá kì í mu ẹ̀jẹ̀.

Ẹlẹ́yinjú jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú bébà àti èédú. Ohun tó wá yà ni ọwọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ó ti pẹ́ tó ti rí i. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń rí i pé bí bàbá rẹ̀ bá gbé ọwọ́ ọ̀tún lé itan, àtàǹpàkò rẹ̀ á máa ra ìka kejì, bí ẹni ń fọwọ́ yí hóró kékeré kan tí kò sí níbẹ̀. Oníbàárà kan ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí, Bàbá sì ti dá a lóhùn. "Kílípà ló ṣì wà nínú ọwọ́ mi. Ẹni tó bá di nǹkan tó ń gbọ̀n mú láti àárọ̀ dalẹ́, òun á sùn, ọwọ́ ẹ̀ ò ní sùn." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́yinjú náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti rí i lọ́jọ́ ìsinmi, nígbà tí kílípà kò kúrò lára ìṣó rárá. Ó la ẹnu láti sọ ọ́ nígbà kan, ìyá rẹ̀ pè é kó wá bá òun gbé omi, ó pa ẹnu dé. Kò là á mọ́.

Àwòrán àkọ́kọ́ tó yà, ó tún ọwọ́ náà ṣe. Ó jẹ́ kó dúró gbọn-in, ìka kọ̀ọ̀kan níbi tó yẹ kó wà. Ó wò ó, òkú ni. Ó fa bébà mìíràn jáde, lọ́tẹ̀ yìí kò tún nǹkan kan ṣe. Ọkùnrin kan wà lórí àga, ó tẹ orí ba, abẹ sì wà lọ́wọ́ Bàbá lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Gbogbo ibi tí ìka wọ̀nyẹn gbà kọjá ni Ẹlẹ́yinjú fa ìlà sí, ìlà lórí ìlà, títí ọwọ́ náà fi ń gbọ̀n lórí bébà. Ó parí rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó dára. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ kígbe. Ìdùnnú yẹn ló padà wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ju ohun gbogbo lọ.

Bàbá Paárẹ́ dúró ti àwòrán náà. Kò mí sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

"Má fọwọ́ kàn án mọ́," ló wí níkẹyìn. "Ta nìyí?"

"Bàbá mi ni, sà."

"Ṣé wọ́n mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀ pé mo yà wọ́n, sà."

Irọ́ kọ́ nìyẹn. Òótọ́ náà kọ́. Ó ń gbé ìdáhùn yẹn kiri bí òkúta nínú bàtà, síbẹ̀ kò bọ́ bàtà náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti mú àwòrán rẹ̀ pé òun ni yóò wà lára pósítà ìpàtẹ. Àwọn tí kì í kí i bẹ̀rẹ̀ sí í kí i.

Ìyá rẹ̀ ló pè é lórí fóònù. "Ẹlẹ́yinjú, ṣé o ò ní lè sọ fúnni ni? Bàbá ẹ rí pósítà lára ògiri nílùú. Wọ́n wọṣọ, wọ́n dé fìlà, wọ́n lọ bá àwọn tó ń ṣọ́ géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì yín, wọ́n gba méjì. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣọ́ọ̀bù."

Ó wọ ọkọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ìkejì wà láàárín dígí méjèèjì, ẹni tó bá sì jókòó sórí àga, ibi tó bá kọjú sí, pósítà ló máa rí. Dírẹ́bà àdúgbò ló wà lórí àga lọ́jọ́ náà, ọkùnrin tí kò kánjú rí láyé rẹ̀, tó lè fi wákàtí kan sọ bí táyà ṣe jò.

"Òun náà rèé!" ni Bàbá kígbe. "Ẹ wò ó, Dírẹ́bà. Èmi ti rí àwòrán èèyàn, mo ti rí àwòrán igi, mi ò rí ẹni tó ya ìró rí. Kílípà tó ń kùn, ọmọ mi yà á! Àbí irọ́ ni mo pa, Ẹlẹ́yinjú?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí Ẹlẹ́yinjú ti sọ ọ́. "Òótọ́ ni, Bàbá," ló wí.

Dírẹ́bà wo pósítà náà títí. "Àmọ́ abẹ ló wà lọ́wọ́ yín níbí, Bàbá," ó ní. "Abẹ kì í gbọ̀n."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dá lágbedeméjì. Nígbà tó gbé abẹ, Dírẹ́bà ti ń tú aṣọ kúrò lọ́rùn. "Ẹ fi ẹ̀yìn yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mò ń kánjú díẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, gbogbo àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú. Wọn kò bá a jà, wọn kò bú u. Wọ́n kàn ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á wo pósítà, wọ́n á wo ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á sì rántí pé àwọn ń lọ síbìkan. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ.

Ọjọ́ ìpàtẹ pé, èrò sì pọ̀. Wọ́n dúró síwájú ọwọ́ náà, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń sọ pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ẹlẹ́yinjú kò lè dúró ti iṣẹ́ ara rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àwòrán ìgò ẹlòmíràn ló fara pamọ́ sí. Gbogbo "o kú iṣẹ́" tí wọ́n ń kí i ń dá a lẹ́bi. Ó ní ojú tó fi wo bàbá rẹ̀, ó sì rí ohun tó ń ṣe é dáadáa. Kí ló wá fi rírí náà ṣe? Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú ló fata sẹ́nu yìí.

Nígbà tó délé lọ́jọ́ kejì, Bàbá nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó kọjú sí pósítà. Kò yíjú.

"Láti ìjẹta," ó ní, "kílípà yẹn ò tíì kúrò lára ìṣó. Wá wo ọwọ́ mi."

Ọwọ́ náà wà lórí apá àga. Àtàǹpàkò ń ra ìka kejì.

"Kì í ṣe kílípà lo yà."

"Rárá, Bàbá."

"Ìgbà wo lo ti rí i?"

Ó fẹ́ purọ́. Ó wo ojú bàbá rẹ̀ nínú dígí, kò lè ṣe é. "Láti ọdún tó kọjá."

Bàbá kò pariwo, ì bá sì sàn kó pariwo.

"Láti ọdún tó kọjá. O ò sọ fún mi. O ò sọ fún ìyá ẹ. Olùkọ́ ẹ lo lọ fi hàn, lo wá fi han gbogbo ìlú. Èmi náà sì ń fi ọwọ́ ara mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn." Ó mi orí. "Ọmọ onígbàjámọ̀ ni ẹ́. Ìwọ náà mọ̀ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí."

Ẹlẹ́yinjú kúnlẹ̀, omijé gbà á lójú. "Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Dìde ńlẹ̀," ni Bàbá wí, bó ṣe máa ń wí láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé. "Irun á wọ̀ ẹ́ láṣọ."

Ẹlẹ́yinjú wo ilẹ̀. Kò sí irun kankan nílẹ̀.

Òun ló mú un lọ sílé ìwòsàn, Bàbá sì tẹ̀ lé e láìjiyàn. Obìnrin ni dókítà, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní kí Bàbá na ọwọ́, kó rìn lọ, kó rìn bọ̀, kó kọ orúkọ rẹ̀ sórí bébà. Ó wá bi í pé ìgbà wo ni nǹkan yìí bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ bi ọmọ mi," ni Bàbá wí. "Òun ló mọ̀."

Kò sí ohun tí kò mọ̀. Ó sọ pé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, pé nígbà tí ọwọ́ bá sinmi ló ń pọ̀ jù, pé lẹ́yìn náà ni apá wọn kò fi bẹ́ẹ̀ fì mọ́ bí wọ́n bá ń rìn, pé ẹ̀rín wọn tiẹ̀ ti ń pẹ́ kó tó dé ojú wọn. Bó ti ń sọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ, ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Bàbá ń wò ó, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ tán. "Àrùn ọwọ́ gbígbọ̀n ni, sà. Òògùn wà tó máa dín in kù, kò ní mú un kúrò. Ká ní ẹ ti wá lọ́dún tó kọjá ni, ẹ ò bá ti máa lò ó láti ìgbà yẹn." Ó wá rẹ́rìn-ín sí wọn. "Àmọ́ ẹ dúpẹ́ o. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í mọ ohun tó ń ṣe àwọn òbí wọn. Ọlọ́run fún yín lọ́mọ tó ń fojú tó yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Bàbá wí jẹ́jẹ́. "Ó máa ń wò mí dáadáa."

Ẹlẹ́yinjú, tí kì í ṣẹ́jú, kò lè gbé ojú sókè.